Kí Ìjọba Ireland Dá Ilé Ìdílé Padà sí Bárékè

Sí Olóòtú,

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá ìjọba kan sọ lórí rédíò lọ́sẹ̀ tó kọjá ló mú mi kọ ìwé yìí. Ó ní àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ Ireland kò fẹ́ iṣẹ́ ológun mọ́, pé ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ ogun fi ń dín kù. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Àwọn tó wọ iṣẹ́ náà ni kò lè dúró, nítorí pé wọn kò rí ibi tí wọn yóò kó aya àti ọmọ sí.

Ìtòsí àgọ́ ológun Curragh, ní Kildare, ni mo ń gbé. Ẹni tó bá gba inú àgọ́ náà kọjá yóò rí àwọn ilé tí ìdílé ológun ń gbé nígbà kan, tí wọ́n ti kan pákó mọ́ fèrèsé wọn. Ní 1997 ni ìjọba pinnu pé àwọn kò ní pèsè ilé fún ìdílé ológun mọ́. Owó ilé ṣì ṣeé san nígbà náà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan, tí wọ́n bí sí Dublin, fi ìdùnnú wọ iṣẹ́ ológun, ṣùgbọ́n nígbà tó gbéyàwó tí ọmọ sì dé, kò rí ilé tí agbára rẹ̀ ká ní agbègbè yìí; ó kó lọ sí ọ̀nà jíjìn, ó ń wakọ̀ wá síbi iṣẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́, títí ó fi kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ṣé ẹni tí kò fẹ́ iṣẹ́ ológun nìyẹn?

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọmọ ogun 9,500 ni ìjọba fọwọ́ sí, ṣùgbọ́n nígbà tí 2023 ń parí, àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ kò ju nǹkan bí 7,500 lọ. Ọkọ̀ ojú omi ológun méjì tí wọ́n rà lọ́wọ́ New Zealand dé sí Haulbowline, ibùdó àwọn ológun ojú omi ní Cork, ní 2023, níbi tí wọ́n ti so àwọn ọkọ̀ mìíràn mọ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀ nítorí pé kò sí òṣìṣẹ́ tí yóò gbé wọn lọ sójú òkun. Àwọn aláṣẹ kan náà ló ti bárékè Mullingar, Cavan, Castlebar àti Clonmel pa ní 2012, tí wọ́n ní àwọn ń ṣọ́wó ná, tí wọ́n sì sọ ológun tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́ di ẹni tó ń ra epo ọkọ̀ lójoojúmọ́.

Inú bárékè kan ní Ìbàdàn ni mo dàgbà sí. Yàrá wa kò tóbi, omi kì í sì í yọ déédéé, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n rán bàbá mi lọ sí Lẹ́bánónì lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, níbi tí àwọn ọmọ ogun Ireland náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í sìn ní 1978, ìyá mi kò bẹ̀rù onílé kankan. Ológun Ireland tó wà ní Lẹ́bánónì lónìí ń ro ọ̀rọ̀ onílé mọ́ ọ̀rọ̀ ìbọn.

Ohun tí mo ń fẹ́ ni pé kí ìjọba kọ́kọ́ tún àwọn ilé òfìfo inú Curragh tó ṣì ṣeé tún ṣe ṣe, kí wọ́n wó ìyókù, kí wọ́n sì kọ́ tuntun sórí ilẹ̀ tó jẹ́ tiwọn, tí wọn kò ní rà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kí owó ilé náà máa bá owó oṣù ológun mu. Kí ìwé àdéhùn sọ ní kedere ìgbà tí ẹni tó fẹ̀yìn tì yóò kó jáde, nítorí àwọn tí kò kó jáde wà lára ohun tí àwọn aláṣẹ máa ń fi ṣe àwáwí. Kí àwọn tó ń lọ sí ilẹ̀ òkèèrè kọ́kọ́ rí gbà, kí wọ́n tó ṣe irú rẹ̀ ní Baldonnel, ibùdó àwọn ológun òfurufú, àti lẹ́bàá Haulbowline.

Kí wọ́n sì fi kún owó àwọn tó ń lọ sójú òkun.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín ní Newbridge, Kildare