Ẹni tó di ìgò mú: lẹ́tà sí Àníkẹ́

Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú

Àníkẹ́ ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Àwa náà wà, a dúpẹ́. Ẹsẹ̀ ìyá rẹ ti ń fúyẹ́, ó ti padà sídìí ọjà rẹ̀ ní Ouando. Ìwé tó o fi rán àbúrò rẹ dé ọwọ́ mi. Ilé ẹ̀kọ́ mẹ́ta lo kọ síbẹ̀: ọ̀kan ní Niamey, ọ̀kan ní Effurun ní Nàìjíríà, ọ̀kan ní Texas l'Amẹ́ríkà. O ní kí n bá ọ mú ọ̀kan. Dúró ná. Iṣẹ́ epo rọ̀bì tó o fẹ́ lọ kọ́ yìí, ìdí rẹ̀ ni mo ti jẹun fún ọdún mọ́kànlá.

O ti ń gbọ́ ọ láti kékeré pé mo ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń fa epo ní Sèmè, ṣùgbọ́n n kò sọ bó ṣe parí fún ọ rí. Ọdún 1968 ni wọ́n rí epo yẹn lábẹ́ òkun, 1982 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fà á jáde. Wẹ́dà ni mí nígbà tí mo débẹ̀ ní 1987. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tó máa ń wá sídìí fáàfù pẹ̀lú ìgò funfun kan. Á ṣí fáàfù díẹ̀, á gba epo sínú ìgò, á dé e pa, á gbé e sílẹ̀ níbi tí kò sí oòrùn. Bó bá pẹ́ díẹ̀, omi á rọ̀ sísàlẹ̀, epo á léfòó. Ìlà wà lára ìgò náà. Á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á fojú wo ìlà tí omi dé, á kọ ọ́ sínú ìwé, á lọ. Àwa a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́, à ń pè é ní ọlọ́tí.

Nígbà tí mo débẹ̀, omi inú ìgò kò tó nǹkan. Nígbà tó fi máa di 1997, omi ló gba èyí tó pọ̀ jù. Ọmọ náà kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ìwé ọdún méjì lẹ́yìn bac, ìwé ẹ̀rí girama, ló ní, ṣùgbọ́n ó ti mọ̀ pé kànga ń kú nígbà tí àwọn ọ̀gá ṣì ń sọ fún wa pé kò séwu. Ní 1998, wọ́n ti gbogbo rẹ̀ pa. Agbaṣẹ́ṣe tí mo wà lábẹ́ rẹ̀ jẹ mí lówó oṣù méjì títí dòní. Mo padà sílé wá ń jó irin géètì. Ọlọ́tí wa ńkọ́? Kò pẹ́ rárá tó fi bọ́ sí Onígbòlò, níbi tí wọ́n ti ń wa òkúta sìmẹ́ǹtì, ó ń tọ́jú pọ́ǹpù àti gééjì wọn, ohun tí wọ́n fi ń mọ bí agbára inú páìpù ṣe tó. Gééjì kò bìkítà bóyá epo ló wà nínú páìpù tàbí omi tàbí atẹ́gùn. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà, ibi gbogbo ni wọ́n ti ń wá a.

Ohun tí mo fẹ́ kó o lọ kọ́ nìyẹn. Mo mọ̀ pé páìpù epo Agadem ló ń wù yín báyìí, ìwọ àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ. Kò burú: nǹkan bíi 2,000 kìlómítà láti Niger títí dé Sèmè wa níbí, ọkọ̀ sì ti gbé epo àkọ́kọ́ nínú oṣù Karùn-ún 2024. Ṣùgbọ́n rántí pé ìjà ẹnubodè láàárín àwa àti Niger fẹ́rẹ̀ẹ́ máà jẹ́ kí ọkọ̀ yẹn kún. Má ṣe lọ kọ́ iṣẹ́ tó jẹ́ pé páìpù kan ṣoṣo ló lè fún ọ jẹ.

Ti Texas, mo jókòó ti ìwé náà pẹ̀lú tísà àdúgbò wa tó gbọ́ gẹ̀ẹ́sì. Ọdún méjì ni associate degree wọn, ó sábà máa ń jẹ́ 60 kírédíìtì, ìyẹn ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka ẹ̀kọ́. Ẹ̀yà rẹ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní “applied”: iṣẹ́ ọwọ́ ló kún inú rẹ̀, ó dára, ṣùgbọ́n bó o bá fẹ́ tẹ̀ síwájú ní yunifásítì, wọ́n lè má gba èyí tó pọ̀ nínú kírédíìtì náà. Èkejì ni ti físà. Lẹ́yìn ìwé ọdún méjì, oṣù méjìlá péré ni wọ́n máa ń fún ọmọ ilẹ̀ òkèèrè láti fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Àfikún tí wọ́n ń fún àwọn tó kọ́ sáyẹ́ǹsì, ìwé bachelor, ìyẹn ìwé ẹ̀rí yunifásítì, ló ń gbà á. Ẹ̀gbọ́n rẹ tó wà ní Houston kò sọ ìyẹn fún ọ. Bóyá òun náà kò mọ̀. Owó tí mo bá ta ilẹ̀ Adjarra láti san, oṣù méjìlá kò lè dá a padà.

Niamey, ilé ẹ̀kọ́ gidi ni. EMIG ni wọ́n ń pè é, ó ti pẹ́ tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìwakùsà, ní Faransé tó o ti gbọ́. Ká ní ọ̀nà Malanville tí a ń gbà wọ Niger dà bó ṣe wà kó tó di 2023 tí ìjà ẹnubodè bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni ǹ bá ní kó o lọ. Ìyá rẹ kò fẹ́ gbọ́ ọ sétí, èmi náà kò sì bá a jà.

Effurun ló wà lọ́kàn mi. Ọdún 1973 ni ìjọba Nàìjíríà dá PTI, ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ epo tó wà níbẹ̀, sílẹ̀, ìwé ẹ̀rí ND (National Diploma) ọdún méjì ni wàá kọ́kọ́ gbà. Kò gba físà. Gẹ̀ẹ́sì tó o máa kọ́ níbẹ̀ náà owó ni, torí èdè yẹn ló pọ̀ jù nínú ìwé ẹ̀rọ epo. Ṣùgbọ́n ojú mi gbọ́dọ̀ rí i kí n tó gbàgbọ́. O mọ ohun tí ojú ọmọ ẹ̀gbọ́n mi rí ní ilé ẹ̀kọ́ kan tí n kò ní dárúkọ. Mo tẹ̀ lé e lọ síbẹ̀ lọ́dún kẹta, mo ní kí wọ́n fi fáàfù kan ṣoṣo hàn mí. Wọ́n ṣí yàrá kan: àga rọ́bà tí wọ́n tò léra wọn, àti àwòrán orí kànga tí wọ́n fi ọ̀dà kùn sára ògiri. Owó ọdún mẹ́ta!

Nítorí náà, bá a bá débẹ̀, má ṣe bá ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ nìkan sọ̀rọ̀. Wá ọmọ ọdún kejì kan, bi í léèrè ibi tó ti ṣe stage, ìyẹn ibi iṣẹ́ tí wọ́n rán an lọ láti fi ojú rí iṣẹ́, àti ohun tí ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ tú palẹ̀ tó sì tún tò padà. Bi í nípa H2S, gáàsì olóró inú epo. Bó bá sọ fún ọ pé ó ń rùn bí ẹyin tó bà jẹ́, ìdajì ìdáhùn nìyẹn. Ẹni tí wọ́n kọ́ dáadáa á fi kún un pé bó bá pọ̀, imú kò ní gbọ́ òórùn rẹ̀ mọ́, ìgbà yẹn ló sì ń pani.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ la máa lọ, kílẹ̀ tó mọ́ la ó ti kọjá ẹnubodè Kraké. Mú ìwé bac rẹ àti káàdì ìdánimọ̀. Wọ bàtà tó bo ọmọ ìka ẹsẹ̀. Èmi á wọ sálúbàtà. Bí wọ́n bá gbà kí n wọ sálúbàtà náà dé ibi iṣẹ́ ẹ̀rọ wọn, a ó máa bọ̀ nílé.

Èmi ni, bàbá rẹ.