Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́ ní Lahti, ní orílẹ̀-èdè Finland: má tíì kọ̀wé kúrò níléèwé

Àbẹ̀kẹ́ mi, ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo jí? Ọmọ ńkọ́? Ṣé òtútù ò bá yín wọlé? Bàbá rẹ ní kí n kí ọ. Fọ́tò ọmọ pẹ̀lú fìlà òwú yẹn wà lórí fóònù rẹ̀, kò sí oníbàárà tó wọ ṣọ́ọ̀bù tí kì í fi hàn.

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ ọ. O ní ó ti sú ọ, o fẹ́ kọ̀wé fi ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ kí oṣù tó parí. O ní àwọn tí ẹ jọ wọkọ̀ òfuurufú ti ń ṣiṣẹ́ gidi, ìwọ ń fọ aṣọ ìtọ̀ ọmọ. Mi ò fèsì lójú ẹsẹ̀, torí mi ò fẹ́ fìbínú sọ̀rọ̀, mi ò sì fẹ́ sunkún sí ọ létí. Fíìmù kan tí èmi àti àbúrò rẹ wò lánàá ló jẹ́ kí n rí ọ̀rọ̀ sọ.

Àwọn ará Rọ́ṣíà ló ṣe é lọ́dún 2021, nípa ìgbésí ayé Yelena Välbe, ọ̀gá nínú eré síkì. Mo ti rí i nínú fídíò tí o ń fi ránṣẹ́: wọn á de pákó gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ bàtà, wọn á mú ọ̀pá méjì lọ́wọ́, wọn á máa sá lórí yìnyín, wọn á gun òkè, wọn á sọ̀ kalẹ̀. Eré tirẹ̀ máa ń jẹ́ kìlómítà 5, 10, 15, àní 30. Magadan ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1968, lápá ìlà-oòrùn Rọ́ṣíà lọ́hùn-ún, létí Òkun Okhotsk, ibi tí wọ́n ń kó àwọn ẹlẹ́wọ̀n lọ láyé Stalin. Nígbà tí a wò ó tán, àbúrò rẹ wá ìtàn obìnrin náà lórí fóònù, ibẹ̀ la ti bá orúkọ Lahti pàdé. Àbẹ̀kẹ́, mo dìde dúró.

Oṣù kejì ọdún 1989, ní ìlú tí o wà yẹn gan-an, ni wọ́n ti ṣe ìdíje àgbáyé eré síkì. Ẹni ogún ọdún ni Välbe nígbà náà. Ó ti lọ́kọ, ó sì ti bí ọmọkùnrin kan. Góòlù méjì ló gbà ní Lahti, ti kìlómítà 10 àti ti kìlómítà 30. Òkè gíga tí àwọn tó ń fò lórí síkì ń fò láti orí rẹ̀, èyí tí o yà sínú fọ́tò tí o kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí mi, pápá eré náà wà lẹ́bàá rẹ̀. O ń kọjá níbẹ̀ lọ síléèwé. Ibẹ̀ ni ìyá ọmọ kan ti sáré.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí mi ò sọ fún ọ rí. Nígbà tí mo bí ọ, mo ti wà lọ́dún kejì níléèwé olùkọ́ni. Mo padà sí kíláàsì, omi ọyàn ń rin mí láṣọ. Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ wa wò mí níwájú gbogbo ènìyàn, ó ní kí n lọ fún ọmọ lọ́yàn, kí n fi ìwé sílẹ̀ fún àwọn tí ọwọ́ wọn dilẹ̀. Ìyá àgbà rẹ ló gbà ọ́ lọ́wọ́ mi nígbà tí o pé oṣù mẹ́sàn-án, ó gbé ọ lọ sí Ìṣẹ́yìn. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni mò ń wọkọ̀ wá. Ní Jímọ̀ kan, mo wọlé, mo bá ọ lẹ́yìn ìyá àgbà rẹ. O wò mí, o pè mí ní "àǹtí". Mo rẹ́rìn-ín lójú wọn, mo gba ẹ̀yìnkùlé lọ, mo sunkún.

O rántí ọdún tí inú bí ọ, tí o ní mo gbé ọ jù sílẹ̀ ní kékeré. Mi ò ní èsì lọ́jọ́ yẹn. Èsì náà nìyí: ó dùn mí, ó ṣì ń dùn mí, mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ. Ṣùgbọ́n bí mo bá tún bá ara mi lọ́jọ́ yẹn, ohun kan náà ni n ó ṣe. Owó oṣù tí mo fi ìwé yẹn gbà ló rán ọ níléèwé. Ẹnì kan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í bá a tọ́ ọ. Mo fẹ́ kí o jẹ́ kí àwọn ènìyàn bá ọ gbé ọmọ rẹ.

Ní ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ tí o ní wọ́n ti ṣíwájú. Ní Òlíńpíìkì ìgbà òtútù tí wọ́n ṣe ní Albertville, ní ilẹ̀ Faransé, lọ́dún 1992, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Välbe dá sáré, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ṣe ipò kẹta. Idẹ, idẹ, idẹ, idẹ. Góòlù kan tó gbà níbẹ̀, òun àti àwọn obìnrin mẹ́ta ni wọ́n jọ sá a. Títí tó fi fi eré sílẹ̀ lẹ́yìn Òlíńpíìkì 1998, kò dá góòlù Òlíńpíìkì gbà rí. Síbẹ̀ góòlù àgbáyé mẹ́rìnlá ló ní. Nínú eré wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sábà máa ń tú wọn sílẹ̀ láyé ìgbà náà, ààbọ̀ ìṣẹ́jú láàárín ẹnì kan àti èkejì. Ẹni tó ń sá lọ nínú igbó lè máà rí ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Aago ló ń sọ ẹni tó yára jù. Ìwọ ń wo àwọn tí wọ́n ti tú sílẹ̀ ṣáájú rẹ, o sì rò pé wọ́n ti fi ọ́ sílẹ̀.

Àbúrò rẹ tún kà á fún mi pé wọ́n máa ń fi ìda kun abẹ́ pákó wọn, àti pé ìda tó bá yìnyín àárọ̀ mu lè máà bá ti ọ̀sán mu. Bí ìda bá ṣì, alágbára gan-an á máa yọ̀ padà sẹ́yìn lórí òkè. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́ ló bàjẹ́. Mo ro ọ̀rọ̀ rẹ sí i: o ní ìwé kì í wọ̀ ọ́ lórí mọ́. Ọmọ oṣù márùn-ún tó ń jí lẹ́ẹ̀mẹrin lóru ni, Àbẹ̀kẹ́, kì í ṣe ọpọlọ rẹ.

O tún ní ẹnì kan ní òun á bá ọ kọ iṣẹ́ iléèwé rẹ gbowó. Má gbà fún un. Ní ìdíje àgbáyé tí wọ́n ṣe ní Trondheim, ní Norway, lọ́dún 1997, eré márùn-ún ni wọ́n sá, Välbe gba góòlù márààrún. Nínú ọ̀kan, òun àti Stefania Belmondo ará Ítálì dé orí ìlà lẹ́ẹ̀kan náà, fọ́tò ni wọ́n fi mọ ẹni tó síwájú. Ṣùgbọ́n nínú ti kìlómítà 5, Lyubov Yegorova ló kọ́kọ́ borí, obìnrin tó ti gba góòlù Òlíńpíìkì mẹ́fà. Wọ́n bá oògùn tí òfin kọ̀ lára rẹ̀, wọ́n gba àmì-ẹ̀yẹ náà padà, wọ́n gbé e fún Välbe. Ìwọ tí o fẹ́ máa gún aláìsàn lábẹ́rẹ́, kí ẹlòmíràn má bá ọ kọ nǹkan kan.

Má sì sọ pé ti òyìnbó nìyẹn. Samuel Ikpefan, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, òun nìkan ló ṣojú wa ní Òlíńpíìkì ìgbà òtútù ti Beijing 2022, eré síkì yìí náà ló sì bá lọ.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe nìyí. Lọ bá ẹni tó ń mójú tó àwọn akẹ́kọ̀ọ́, béèrè bí ìyá ọmọ ṣe lè dánu dúró díẹ̀ láìjẹ́ pé orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé. Béèrè nípa ilé ìtọ́jú ọmọdé ti ìjọba ìlú. Mo gbọ́ pé bí owó tó ń wọlé fún ènìyàn bá ṣe mọ ni wọ́n ṣe ń gbà á. Bí o bá ti ṣe méjèèjì tó ò rí ọ̀nà, pè mí. Èmi ti lo ọdún tí ìjọba ní kí n lò, mo ti fẹ̀yìn tì. Bàbá rẹ ti ní òun lè dá oúnjẹ ara òun sè fún oṣù mẹ́ta. Mo ti lọ ya fọ́tò ìwé ìrìnnà.

Fi ọjọ́ tí ìkọ́ṣẹ́ rẹ ní ọsibítù máa bẹ̀rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, kí n mọ ọjọ́ tí n ó kọ sínú fọ́ọ̀mù físà. Tún sọ irú bàtà tí wọ́n ń wọ̀ rìn lórí yìnyín fún mi, ẹsẹ̀ mi ṣì jẹ́ nọ́ńbà 40.

Bá mi gbá ọmọ mọ́ra.

Èmi ni, ìyá rẹ.