Ẹ Má Bínú sí Atukọ̀ tó ń Dúró de Afẹ́fẹ́ ní Kwahu

Sí Olóòtú,

Mo ka àròkọ yín lórí ìrìn-àjò ọdún Àjíǹde sí Kwahu ní orílẹ̀-èdè Gánà, níbi tí àwọn àlejò ti ń ráhùn pé ńṣe ni àwọn atukọ̀ paragliding, ìyẹn àwọn tó ń fi aṣọ ńlá tí afẹ́fẹ́ ń gbé ró gbé èrò fò láti orí òkè, ń jókòó lórí òkè Odweanoma ní Atibie, tí èrò sì tò sílẹ̀ lọ bẹẹrẹ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n gbèjà wọn.

Àkókò tí wọ́n ti ń ṣe àjọ̀dún fífò yìí láti 2005 bá ojú ọjọ́ mu. Gúúsù-ìwọ̀-oòrùn ni gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè náà kọjú sí, Nkawkaw tí wọ́n ń balẹ̀ sí sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Nígbà ọyẹ́, ẹ̀yìn òkè ni afẹ́fẹ́ ti ń wá. Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí oṣù Kẹta sí Ẹkẹrin, ọyẹ́ ti kógbá sílé, afẹ́fẹ́ tó ń ti òkun bọ̀ a sì máa fẹ́ lu ojú òkè, a gbé aṣọ náà ró. Lóòótọ́, àwòdì tó ń re Ìbarà, tí ẹ̀fúùfù ta nídìí pẹ́ẹ́, ní iṣẹ́ kúkú yá, àmọ́ iwájú ni ẹni tó ń fi aṣọ fò ti ń fẹ́ afẹ́fẹ́, nítorí èyí tó bá gba ẹ̀yìn òkè wá a máa lọ́ pọ̀, ó sì lè pa aṣọ náà dé lójijì. Aṣọ ọ̀hún kì í sábà sáré ju kìlómítà 40 lọ ní wákàtí kan, nítorí náà afẹ́fẹ́ tó bá le jù lè dá a padà sẹ́yìn.

Ẹ sì kíyè sí ohun tí àwọn atukọ̀ ń wò nígbà tí ẹ rò pé ìran ni wọ́n ń wò. Bí oòrùn bá ti mú àpáta gbóná, atẹ́gùn gbígbóná tí ojú kò rí a máa ròkè. Àwòdì a wọ inú rẹ̀, a na apá gbọọrọ, a máa rà bàbà yípo, ìrù rẹ̀ nìkan ni yóò máa yí síhìn-ín sọ́hùn-ún. Níbi tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ju apá, atẹ́gùn ti tán níbẹ̀. Igún náà mọ iṣẹ́ yìí dáadáa, ṣùgbọ́n láti 2015 ni IUCN, àjọ àgbáyé tó ń dáàbò bo ohun àdáyébá, ti kà á mọ́ àwọn ẹyẹ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ parun tán. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra orí rẹ̀ lọ́jà fún oògùn, ẹ gbọ́ o.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi kìlọ̀ fún àwọn èrò ni pé kí wọ́n fi ju ọjọ́ kan lọ sílẹ̀ fún Kwahu, kí wọ́n má sì fi owó rọ atukọ̀ láti gbéra lọ́sàn-án tí òjò bá ti ṣú níbì kan. Ìjì a máa ṣáájú òjò, ó sì lè dé orí òkè nígbà tí oòrùn ṣì ń ràn níbẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín, Ìbàdàn