Abẹ́rẹ́ fúlù àti ara àgbà

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀. Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé ni wọ́n ti ń sọ ọ́ kiri Ọ̀fà níbí, títí dé ọjà Owódé, pé abẹ́rẹ́ àjẹsára fúlù kò wúlò fún arúgbó. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni wọ́n fi ń ṣe àpẹẹrẹ. Ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti gbà á; ó wálé wá ṣọdún, ni ikọ́ àti ibà bá dá a dùbúlẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, ọ̀rọ̀ yìí sì ń dùn mí, torí ààbọ̀ òótọ́ ni. Ara àgbà kì í gba abẹ́rẹ́ yìí bí ara ọ̀dọ́ ṣe ń gbà á. Ẹ̀yà ara kan wà lẹ́yìn egungun àyà tó ń jẹ́ thymus. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun ara kan ti ń kọ́ ogun jíjà. Láti kékeré ló ti ń súnkì. Nígbà tá a bá fi dàgbà, ọmọ ogun tuntun tó ń ti ibẹ̀ jáde kò tó nǹkan mọ́, àwọn tó wà nílẹ̀ náà ò sì yára bíi ti tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí Amẹ́ríkà fi ní èyí tó lágbára jù fáwọn tó ti pé 65: máíkírógíráàmù 60 èròjà fún irú kòkòrò kọ̀ọ̀kan, dípò 15. Wọ́n fi wé ti tẹ́lẹ̀ lára àwọn àgbà tó lé ní 30,000, èsì rẹ̀ sì jáde ní 2014: fúlù tó mú àwọn tó gba èyí tó lágbára fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin dín.

Ṣùgbọ́n kí nǹkan má lágbára tó, ìyẹn ò sọ pé kò wúlò. Ó ń dín iye àgbà tí fúlù ń gbé dé ọsibítù kù. Ẹ̀gbọ́n mi tó ní ìtọ̀ ṣúgà, ilé ló ti gbádùn.

Ẹ̀yin ọmọ wa tó ń bọ̀ láti Èkó àti Àbújá, ara tiyín ṣì ń gba abẹ́rẹ́ yìí dáadáa. Ẹ gbà á, ó kéré tán ní ọ̀sẹ̀ méjì kẹ́ ẹ tó wálé, torí ó máa ń pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kó tó ṣiṣẹ́ lára. Ti èṣí ò tó. Kòkòrò yìí ń yí padà lọ́dọọdún. Ọmọ tó ń wúkọ́, ẹ má gbé e lé ìyá àgbà lẹ́sẹ̀.

Ìjọba Kwara náà, mo bẹ̀ yín: abẹ́rẹ́ yìí kò sí lára èyí tí wọ́n ń fún wa lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ bá wa gbé e dé ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé kí ọyẹ́ tó ń bọ̀ tó dé, kẹ́ ẹ sì fi àwọn àgbà àtàwọn tó ń tọ́jú wọn ṣáájú.

Èmi ni,
Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì,
Ọ̀fà, Ìpínlẹ̀ Kwara.