Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí ẹ mọ yẹn

Bàbá Rafiu, ẹ kú ilé o, ẹ kú iṣẹ́, ìyàwó wa ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́. Àlàáfíà ni mo wà, òtútù ti ń dé níbí ṣùgbọ́n àlàáfíà ni. Mo gbọ́ vóìsì tí ẹ fi ránṣẹ́ lánàá, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbọ́ ọ, ìkẹta mi ò lè gbọ́ ọ parí. Ẹ ní mo ti gbàgbé ilé. Ẹ ní igba yúrò tí mo ṣèlérí ní ìparí oṣù keje, oṣù kẹwàá la wà yìí, ẹ ò rí nǹkan kan. Òótọ́ ni, ẹ ò rí i. Mi ò ní purọ́ pé wọn ò tíì sanwó fún mi, wọ́n ti san án. Owó yẹn wà lọ́wọ́ mi, èmi ni mi ò fi ránṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí ẹ̀ kí ẹ tó bínú, torí mo mọ̀ pé ẹ máa bínú.

Fídíò tí Rafiu fi ránṣẹ́ ló fà á.

Ẹ má nà án o, èmi ni mo ní kó máa ya Màmá fún mi. Ẹ̀yin àti ọmọkùnrin kan tí mi ò mọ̀ lẹ jọ ń ti Màmá lórí àga onítáyà gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tuntun tí ẹ mọ síwájú fàráńdà. Ó kù díẹ̀ kí ẹ dé òkè ni àga bá fẹ́ ṣubú sẹ́yìn, táyà kéékèèké méjì tó wà níwájú gbéra nílẹ̀. Ọwọ́ òsì nìkan ni Màmá fi di irin àga mú, torí ọ̀tún ò ṣiṣẹ́ mọ́ látìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti kọ lù wọ́n, ìró wọn ti ń tú, wọn ò dẹ̀ ní ọwọ́ kejì tí wọ́n máa fi so ó. Bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ́, ó ń yí lọ sísàlẹ̀. Ẹ̀yin ń rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé jìnnìjìnnì ló mú yín tí ẹ fi rẹ́rìn-ín, àmọ́ Màmá ò rẹ́rìn-ín o.

Mo ní kí Rafiu fi téèpù wọ̀n ọ́n fún mi. Àtẹ̀gùn mẹ́ta ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìkọ̀ọ̀kan sẹ̀ǹtímítà 17, gbogbo ẹ̀ 51. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí ẹ mọ lé e, mítà méjì péré. Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló sọ fún yín pé èèyàn lè ti àga gun ìyẹn? Àkàbà Ìdèná, ẹnubodè ìlú wa, làwọn bàbá wa mọ kí ọ̀tá má ráyè wọ Kétu, ẹ̀yin náà wá mọ tiyín síwájú ilé, ẹ fi ń dènà ìyá yín.

Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ yẹn le díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe yẹ kó rí. Sẹ̀ǹtímítà kan tó bá ga, gígùn ẹ̀ gbọ́dọ̀ tó 12. Ó kéré tán nìyẹn, ti Faransé níbí gan-an tún tẹ́jú jù bẹ́ẹ̀ lọ, sẹ̀ǹtímítà 5 ni wọ́n ní kó máa fi gòkè nínú mítà kan. Ẹ fi 51 lọ́nà 12, mítà mẹ́fà ó lé díẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ máa ní àyè ò sí, pé ó máa kan ìdí máńgòrò. Kò ní kàn án tí kò bá lọ tààrà. Kó gba ẹ̀gbẹ́ ògiri lọ sọ́nà ilé ìdáná ní mítà mẹ́ta àti díẹ̀, níbẹ̀ kí ẹ ṣe ibi pẹrẹsẹ, mítà kan àbọ̀ lóòró, kó sì fẹ̀ dé ojú àlọ àti àbọ̀ méjèèjì, kí àga lè yí po kí ẹni tó ń tì í náà sì mí, kó wá ṣẹ́rí padà ní mítà mẹ́ta mìíràn dé orí fàráńdà. Kó fẹ̀ tó mítà kan àti 20. Kí etí ẹ̀ méjèèjì ga díẹ̀ kí táyà má yọ́ bọ́ sílẹ̀, kí irin wà tí Màmá máa fi ọwọ́ òsì dì mú. Ẹ ò nílò kí ẹ fi kọnkéré kún inú ẹ̀ látòkè délẹ̀, òkúta ilé tí ẹ fọ́ àti yangí ni kí ẹ fi dí i, ẹ gún un dáadáa, kọnkéré wá lè wà lókè. Nígbà tó bá ń gbẹ, ẹ fi ìgbálẹ̀ fà á lójú kó má dán.

Èyí ló mú mi débi táìlì. Owó táìlì lẹ ń bèèrè, táìlì tó ń dán, tí ẹ fẹ́ lẹ̀ mọ́ orí ibẹ̀ àti fàráńdà, pẹ̀lú géètì irin. Táìlì tó ń dán lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lásìkò òjò! Àní ẹ̀yin tí ẹsẹ̀ yín méjèèjì dá ṣáṣá ẹ máa ṣubú níbẹ̀.

Ẹ máa ń bèèrè pé kí ni mò ń ṣe gan-an níbí. Ìyá arúgbó kan ni mò ń tọ́jú láàárọ̀, òmíràn lálẹ́, orí àga onítáyà làwọn méjèèjì wà. Aago mẹ́fà ò tíì lù tí mo ti ń bẹ lójú ọ̀nà. Mo ń gbé ìyá oníyàá láti orí bẹ́ẹ̀dì sórí àga, láti orí àga lọ sí balùwẹ̀, tí mo bá ṣe tán màá wá jókòó sínú ọkọ̀ ojú irin màá máa wo fídíò ìyá tèmi. Mi ò sọ ọ́ kí ẹ lè káàánú mi o, ibi iṣẹ́ yẹn ni mo ti kọ́ ohun tí mò ń sọ ni. Ẹ má dẹ̀ rò pé ọ̀run nibí. Nínú gbogbo métrò Paris, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ wọn, láìnì 14 tí wọ́n ṣí lọ́dún 1998 nìkan ni àga onítáyà lè wọ̀ ní gbogbo ibùdó ẹ̀, ìyókù àtẹ̀gùn ló kún ibẹ̀. Ìyá tí mò ń tọ́jú láàárọ̀ ò wọ métrò rí lójú mi. Ṣùgbọ́n nínú ilé wọn, ibi tó wù wọ́n ni wọ́n ń lọ, wọn ò bẹ ẹnikẹ́ni.

Ẹ ní wọn kì í ṣe irú ẹ̀ ní Kétu, pé àwọn tó ń kọjá máa rò pé ilé ìwòsàn la kọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rò ó. Benin náà ti ṣòfin lórí ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, kì í ṣe èmi ni mo gbé e wá láti òkè òkun. Àbí nígbà tí wọ́n jó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ lójúde, tí gbogbo ilé jáde, ibo ni Màmá wà? Wọ́n sọ fún mi lórí fóònù pé inú yàrá làwọn ti ń gbọ́ ìlù, pé àwọn fi etí mọ orin tí wọ́n ń kọ. Torí àwọn ìyá là ń jó Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ìyá wa ò dẹ̀ rí i. Mi ò bá ẹnikẹ́ni wí o. Èmi tí mi ò tíì wálé láti ọdún mẹ́ta kọ́ ni mo máa bá èèyàn wí. Mo kàn ń bèèrè ni.

Ilẹ̀kùn yàrá ńkọ́? Sẹ̀ǹtímítà 70 ni Rafiu kà fún mi, àga fúnra ẹ̀ jẹ́ 64, ẹ wá ro ibi tí ìka ọwọ́ máa gbà. Ẹ wo eegun ìka òsì Màmá dáadáa tí ẹ bá dé ilé, ó ti bó, wọn ò ní sọ fún yín. Ẹ jẹ́ kí káfíńtà yọ ilẹ̀kùn àti férémù ẹ̀, kó fẹ̀ ẹ́ dé 90, tí owó ò bá tó, kọ́tìnnì ni kó wà níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì náà ga jù, kó bá ìjókòó àga dọ́gba. Tí ẹ bá fẹ́ gbé wọn, apá òsì tó lágbára ni kí àga wà, kí ẹ ti búrèkì méjèèjì, kí wọ́n fẹsẹ̀ òsì tẹlẹ̀ dìde. Ẹ má fa apá ọ̀tún wọn mọ́. Mo rí i nínú fídíò kan tí ẹ fà á, èjìká yẹn lè yẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ṣáláńgá, mi ò fẹ́ kọ ọ́ ṣùgbọ́n mo máa kọ ọ́. Obìnrin tó ń fi ara ẹ̀ pamọ́ láti ìgbà tí a ti gbọ́njú, póò ni wọ́n ń lò báyìí lẹ́yìn kọ́tìnnì, tí àwọn ọmọ kéékèèké ń gbé jáde. Ẹ gún yangí láti ẹ̀yìn ilé dé ibẹ̀, kó fẹ̀ tó mítà kan àti 20, kó le, torí táyà iwájú yẹn ń rì sínú iyanrìn. Kí káfíńtà kan àga tó ní ihò láàárín, kó lágbára, kó ga tó sẹ̀ǹtímítà 48 kó lè dúró lórí ṣáláńgá, ẹ ri irin mọ́ ògiri lápá òsì. Gbogbo ẹ̀ yẹn ò tó owó géètì.

Ẹ bi Màmá bóyá géètì ni wọ́n fẹ́. Èmi ti bi wọ́n. Wọ́n ní ṣé àgbàdo ti yọmọ, wọ́n ní kí ẹnì kan gbé àwọn dé etí oko, àwọn ò ní sọ̀kalẹ̀, àwọn kàn fẹ́ wò ó. Ọ̀kadà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń kẹ́rù lè gbé wọn pẹ̀lú àga, pákó méjì tó nípọn lẹ máa fi gbé e gòkè, kí ẹ fi okùn dè é. Kí ẹ dẹ̀ ṣíwọ́ kẹ̀kẹ́ arọ tí ẹ ń pè é lójú wọn, wọ́n ti sọ pé àwọn kì í ṣe arọ.

Nítorí náà, igba yúrò yẹn, tó lé díẹ̀ ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà 131 sẹ́fà, ìdajì ẹ̀ ti wọlé láàárọ̀ òní. Fóònù ìyàwó wa ni mo fi sí, ẹ má bínú, kì í ṣe pé mi ò fọkàn tán yín. Ti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni, kí ẹ fọ́ ti àkọ́kọ́. Kí ẹ tó gbé Màmá gùn ún, ẹ gbé odidi àpò sìmẹ́ńtì kan sórí àga kí ìyàwó wa nìkan tì í gòkè. Tó bá gbé e dé òkè láì sinmi lẹ́ẹ̀mejì, kí Rafiu ya á fún mi, ọjọ́ yẹn gan-an ni ìdajì kejì máa wọlé. Mo mọ̀ pé ẹ máa ní ṣé ọmọdé ni wọ́n fi ń ṣọ́ yín ni. Ẹ sọ ọ́, mo gbà.

Bàtà Màmá tó yí lọ sísàlẹ̀ yẹn, ẹni tó bá wọn gbé e ò sí nínú fídíò. Ṣé ẹ ti rí i?

Àbúrò yín,
Abẹ̀kẹ́