Lẹ́tà sí olùtọ́jú tó ń gbé oúnjẹ fún Nọ́ńbà Kíní ní Toba

Ẹ̀yin ọ̀gá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú àmúmọ́ra. Ó ti pẹ́ tí Nọ́ńbà Kíní, ẹran ìsàlẹ̀ òkun tí wọ́n ń pè ní giant isopod, tí ẹ tọ́jú ní ilé àfihàn ẹran omi ní ìlú Toba ní Japan, ti kú, 14 February 2014 ni, ṣùgbọ́n ó wù mí kí n kí yín. A ò mọra rí. Ẹja àrọ̀ ni mò ń sìn n'Íbàdàn, iṣẹ́ yìí ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára.

Ọjọ́ tí ẹja mi bá kọ oúnjẹ, ọkàn mi kì í balẹ̀. Màá gbọ́ òórùn omi, màá wo àwọ̀ rẹ̀, màá sì máa yí pọ́ǹdì ká títí ilẹ̀ á fi ṣú. Nígbà tí mo wá kà pé ẹran kan jẹ ẹja kótè gíráàmù 50 ní 2 January 2009, tí kò tún jẹ nǹkan kan mọ́ fún ọdún márùn-ún àti ọjọ́ 43, tí ẹ̀yin ṣì ń gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, ẹ̀rù yín bà mí. Nígbà mìíràn ẹ ní á sún mọ́ ẹja náà, á gbójú lé e, á gbé ẹsẹ̀ iwájú bí ẹni fẹ́ jẹun, á sì fi í sílẹ̀.

Àwọn kan ní ààwẹ̀ ló ń gbà, àwọn kan ní inú rẹ̀ ló bàjẹ́. Èmi ò gbà. Gulf of Mexico ni wọ́n ti mú un wá ní 2007, nínú òkùnkùn ìsàlẹ̀ òkun. Níbẹ̀, oúnjẹ kì í dàgbà, ńṣe ló ń já bọ́ látòkè: òkú ẹja, òkú àbùùbùtán, ìgbà tó bá dé ló dé. Ní 2019, àwọn onímọ̀ kan láti Louisiana sọ òkú ọ̀nì sínú òkun yẹn, níbi tó jìn tó mítà 2,000. Kó tó pé wákàtí 24, irú Nọ́ńbà Kíní ti dé ibẹ̀, wọ́n ti ń jẹ awọ ọ̀nì wọ inú. Wọ́n lè jẹ àjẹyó débi pé rírìn á nira fún wọn. Lẹ́yìn náà, wọ́n á dúró. Ẹran tó mọ irú ayé bẹ́ẹ̀, ọdún kan kò fi bẹ́ẹ̀ jọ ọ́ lójú. Èmi ò gbà pé ebi ló pa á. Nígbà tí wọ́n la inú rẹ̀, omi tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ ló kún ibẹ̀.

Ìbátan akàn àti edé ni, àmọ́ ọmọ ìyá rẹ̀ gan-an ni kòkòrò kékeré tó ń sá pamọ́ sábẹ́ òkúta tútù, èyí tí òmíràn nínú wọn máa ń ká ara kò roboto béèyàn bá fọwọ́ kàn án. Ẹsẹ̀ 14 kan náà, èèpo líle ẹ̀yìn tó gun ara wọn léra kan náà. Ti yín kàn gùn tó sẹ̀ńtímítà 29, ó sì wọn kílò kan. Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni ti abiyamọ wọn. Akàn náà ń gbé ẹyin sábẹ́ ikùn, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọmọ tó bá jáde kò jọ akàn rárá, omi ni yóò máa gbé e kiri. Ti ìsàlẹ̀ òkun yìí ń pa ẹyin mọ́ sínú àpò abẹ́ àyà. Bí ọmọ bá jáde, ó ti jọ ìyá rẹ̀ délẹ̀délẹ̀, ẹsẹ̀ méjì tó kẹ́yìn nìkan ni kò tíì yọ.

Ọ̀gá mi, ìbéèrè kan ló kù tí mo fẹ́ bi yín, torí ó ń dà mí láàmú nínú pọ́ǹdì tèmi. Oúnjẹ tí ẹran kò jẹ máa ń ba omi jẹ́. Tí ẹ bá ti gbé ẹja síwájú rẹ̀, báwo lẹ ṣe ń dúró pẹ́ tó kí ẹ tó kó o kúrò?

Èmi ni,
Ẹlẹ́ja kan n'Íbàdàn