Ọ̀rọ̀ fíìmù Noem My Skollie tẹ́ ẹ kọ

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ohun tẹ́ ẹ kọ nípa fíìmù South Africa yẹn, ìjà inú ẹ̀wọ̀n àti tàtúù lẹ sọ títí tí ojú ìwé fi tán, bẹ́ẹ̀ ìgbà tí AB, ọmọkùnrin tí fíìmù náà dá lé lórí, jáde lẹ́wọ̀n gan-an ni wàhálà ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tí ò bá tíì wò ó, Daryne Joshua ló darí ẹ̀, ọdún 2016 ló jáde, òun ni South Africa sì fi ránṣẹ́ síbi Oscar. John W. Fredericks tó kọ ọ́, ayé ara ẹ̀ ló kọ, ọmọ Cape Flats, lẹ́yìn ìlú Cape Town, ni, wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n Pollsmoor, ìtàn tó ń sọ fáwọn ẹlẹ́wọ̀n ni ò jẹ́ káwọn gáǹgì tó ń fi nọ́ńbà jórúkọ, 26, 27, 28, fìyà jẹ ẹ́. Ó dùn, mo gbà. Àmọ́ nínú ẹ̀wọ̀n, AB níṣẹ́ lọ́wọ́ o! Apàlọ́ ni, wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún un. Ó délé tán, ta ló ń wá apàlọ́? Ó fẹ́ máa kọ̀wé, ó fẹ́ ọmọbìnrin tó ti mọ̀ láti kékeré, àwọn ọ̀rẹ́ àtijọ́ sì wà níbẹ̀, wọn ò kúrò ládùúgbò, kó tó mọ̀, ó ti wà ní kóòtù fẹ́sùn ìpànìyàn, nígbà yẹn wọ́n ṣì ń yẹgi fún èèyàn níbẹ̀, ọdún 1995 ni kóòtù àgbà wọn tó fòpin sí i.

Ibi témi ò ti gba ti fíìmù náà nìyẹn, ó sáré jù. Ó wù mí kí n rí i níbi tó ti ń wáṣẹ́, kí n rí ojú ọ̀gá tó ń bi í pé níbo lo wà látọjọ́ yìí, kí n rí bó ṣe máa ki àwọn aládùúgbò láàárọ̀.

Ẹ tún pe Afrikaans, èdè tí wọ́n ń sọ nínú fíìmù náà, ní èdè òyìnbó. Háà, ẹ jọ̀ọ́! Àwọn tí wọ́n ń pè ní Coloured, ìyẹn àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn pò mọ́ra, tí ìjọba apartheid tó ń ya èèyàn sọ́tọ̀ nítorí àwọ̀ lé kúrò ní District Six, àdúgbò kan ní Cape Town, kó dà sí Cape Flats, èdè ilé ọ̀pọ̀ nínú wọn ni, òun ni wọ́n fi ń bú ara wọn, òun náà ni wọ́n fi ń tọrọ àforíjì.

Tẹ́ ẹ bá tún máa kọ, ẹ lọ wo Four Corners ti Ian Gabriel, ọ̀gá gáǹgì tó jáde lẹ́wọ̀n tó wá ń wá ọmọ ẹ̀ ni. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ dákun, ẹ bá wa bẹ̀rẹ̀ látẹnu géètì ẹ̀wọ̀n, níbi tó ti ń jáde.

Èmi òǹkàwé yín, Òṣogbo